Edé, àgbàdo àti pòtétò nínú ìkòkò kan: bí ẹ ṣe máa sè é tí edé kò fi ní le bí rọ́bà

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: pòtétò ṣì le nínú, àgbàdo ti rọ̀ jù, edé ti ká roboto, ó sì le bí rọ́bà. Gbogbo ata àti iyọ̀ tí ẹ kó sínú omi, omi náà ló bá lọ nígbà tí ẹ sẹ́ ẹ dànù. Àbúrò mi obìnrin sè é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pè mí pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Kì í ṣe pé kò mọ oúnjẹ sè. Ó da gbogbo ẹ̀ sínú omi tó ń hó, ó ka ogún ìṣẹ́jú, ó sọ̀ ọ́. Ohun mẹ́rin tí kì í jiná lásìkò kan náà, ìyẹn edé, àgbàdo, pòtétò àti sọ́sééjì, ló ń sè bí ẹni ń se ohun kan ṣoṣo.

Nínú ìkòkò yìí, edé ló ń gbẹ̀yìn wọlé. Ohun gbogbo tó kù gbọ́dọ̀ ti jiná kí edé tó fara kan omi. Tó bá sì ti fẹ́ wọlé báyìí, iṣẹ́ iná ti parí, ẹ pa á. Ooru tó wà nínú omi yẹn tó láti se edé, ó sì tó láti fi ata sí i lára.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ní Louisiana àti South Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń sè é fún ogunlọ́gọ̀ èèyàn, ìta gbangba ni wọ́n sábà máa ń gbé ìkòkò kaná sí, lórí iná gáàsì ńlá tó ń mú omi padà hó lójú ẹsẹ̀. Sítóòfù inú ilé kò lágbára bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi ìṣẹ́jú tiwọn ṣe ìṣẹ́jú tiyín, ẹ máa ṣìnà. Ìṣẹ́jú tí mo kọ síbí, ti sítóòfù ilé ni. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tó wà ní òpin ìpele kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gbà gbọ́ ju aago lọ.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ìwọ̀n yìí á tó èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún.

- Edé tútù, kílò 1, èyí tí wọ́n ti gé lórí ṣùgbọ́n tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ olórí lẹ rí, ẹ ra kílò 1.5, torí orí ń kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ lọ.
- Pòtétò kéékèèké tí èèpo wọn fẹ́lẹ́, gíráàmù 700
- Àgbàdo tútù, 4
- Sọ́sééjì tí wọ́n ti fi èéfín yan, gíráàmù 400
- Àlùbọ́sà ńlá 2, odidi orí aáyù 3, lẹ́mọ́ọ̀nù 3
- Bọ́tà, gíráàmù 115
- Omi, lítà 4
- Iyọ̀, gíráàmù 60, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta àtààbọ̀
- Omi dídì láti inú fìrísà, kílò 1. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, ẹ máa rí iṣẹ́ tó ń ṣe níwájú.
- Èròjà ata. Tí ẹ bá ní èyí tí wọ́n ti pò pọ̀ fún edé àti alákàn nínú agolo tàbí ọ̀rá, ṣíbí ìjẹun 5 tó. Tí ẹ ò bá ní, ẹ pò ó fúnra yín: páprikà ṣíbí ìjẹun 2, ata gbígbẹ gígún ṣíbí kékeré 2, ata dúdú ṣíbí kékeré 1, hóró kọriáńdà àti hóró mọ́sítádì ṣíbí ìjẹun kọ̀ọ̀kan, hóró sélérì ṣíbí kékeré 2, kànáfùrù hóró 6, ewé bay 4.

Ìkòkò yín gbọ́dọ̀ gba lítà 10. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe nìyẹn. Omi lítà 4 dà bí ohun tó kéré, ṣùgbọ́n tí pòtétò, àgbàdo, sọ́sééjì, edé àti omi dídì bá ti wọlé tán, gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ lítà 8. Tó bá jẹ́ ìkòkò lítà 5 tàbí 6 lẹ ní, ẹ pín gbogbo ìwọ̀n òkè yìí sí méjì kí ẹ se ìdajì. Ìkòkò tó kún dẹ́nu kò ní tètè padà hó, ó sì lè dà sí yín lára nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e.

Ẹ tún wá asẹ́ ńlá, ṣíbí oníhò tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, àlùmọ́gàjí tó mú, aṣọ funfun tó mọ́ tí ẹ lè fi di hóró èròjà, àti aago. Tẹmómítà oúnjẹ dára tó bá wà, ṣùgbọ́n ojú yín lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó tan iná, ẹ bi gbogbo ẹni tó máa jókòó sídìí oúnjẹ yìí bóyá ara wọn kọ edé, alákàn tàbí ohun tó jọ wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbójú fo èyí. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé kò lè ṣa pòtétò jẹ nínú ìkòkò yìí, torí omi edé ti wọ gbogbo ẹ̀. Kódà, ooru tó ń jáde lára ìkòkò lè dá àwọn míì láàmú. Ẹ se tiwọn sọ́tọ̀, nínú ìkòkò ọ̀tọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan edé rárá.

Ìpele 1: Ẹ yan edé, ẹ yọ́ ọ, ẹ fọ̀ ọ́

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àsìkò jù. Tí edé bá ti bàjẹ́ kó tó dé ìkòkò, kò sí ata tó lè tún un ṣe.

Lára ọ̀rá edé inú fìrísà, ẹ máa rí nọ́ńbà bíi 16/20, 21/25 tàbí 51/60. Iye edé tó wà nínú pọ́n-ùn kan, ìyẹn gíráàmù 454, ni nọ́ńbà náà ń sọ. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni edé ń tóbi tó. 21/25 ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. 16/20 náà dára. 51/60 ti kéré jù: kí ata tó ráyè wọ̀ ọ́ lára, ó ti le.

Ẹ yí ọ̀rá náà padà kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ edé nìkan, tàbí edé pẹ̀lú iyọ̀. Tí ẹ bá rí sodium tripolyphosphate níbẹ̀, èròjà tó ń jẹ́ kí edé mú omi dání ni, ẹ ó sì sanwó fún ìwúwo omi yẹn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti se edé náà, ẹ dá a padà síbi tó wà. Edé tí wọ́n ti sè lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bá tún sè é, rọ́bà náà ni.

Tó bá jẹ́ edé tí kò dì lẹ rà, imú yín ni kí ẹ fi yàn án. Òórùn òkun ló yẹ kó máa rùn. Tí òórùn rẹ̀ bá ń ta yín nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, ẹ má rà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dínwó tàn yín. Àmì dúdú lára èèpo nìkan kò túmọ̀ sí pé edé ti bàjẹ́. Ó ń dúdú bí ápù tí a gé sílẹ̀ ṣe ń dúdú ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe òní ni wọ́n kó o jáde nínú omi.

Ọ̀nà méjì ló dára láti fi yọ́ edé tó dì. Èkíní, ẹ gbé e sínú fìríìjì láti alẹ́ mọ́jú. Èkejì, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan láàárín. Ẹ má lo omi gbígbóná láé. Ara edé á bẹ̀rẹ̀ sí í jiná nígbà tí inú rẹ̀ ṣì jẹ́ yìnyín.

Ẹ wá fi ẹnu àlùmọ́gàjí sí abẹ́ èèpo lẹ́yìn ọrùn edé, kí ẹ gé èèpo náà tààrà ní ẹ̀yìn títí á fi ku díẹ̀ kó dé ìrù. Ẹ ṣí i díẹ̀. Ẹ máa rí okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìfun rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fà á jáde. Ẹ má bó èèpo kúrò. Èèpo ni kì í jẹ́ kí ooru bá ẹran edé lójijì, òun náà ló ń fún omi ní adùn. Ojú tí ẹ gé yẹn sì ni ọ̀nà tí ata máa gbà wọlé. Ẹni tó bá bó èèpo tán kó tó sè é ti dá ara rẹ̀ lóró lásán, edé rẹ̀ á sì tètè le.

Ẹ sáré ṣan án pẹ̀lú omi tútù, ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì títí a ó fi pè é.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú edé tó tóbi jù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín. Ó yẹ kó tutù, kó rọ̀, kó sì nípọn lọ́wọ́. Tí nǹkan kan bá le gbagidi nínú rẹ̀, kò tíì yọ́ tán, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ẹ má sọ pé omi gbígbóná á yọ́ ọ: yìnyín inú edé á mú kí omi ìkòkò tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ìṣirò Ìpele 6 á sì dà rú.

Ìpele 2: Ẹ gé àwọn tó kù

Èyí kò le. Ẹ fọ pòtétò, ẹ má bó o. Èyíkéyìí tó bá nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ẹ là á sí méjì, kí gbogbo wọn lè jọra. Ẹ gé sọ́sééjì sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ la àlùbọ́sà sí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ gé orí aáyù méjì ní ìbú kí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ẹ bó ẹyọ márùn-ún lára ẹ̀kẹta kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, ti bọ́tà nìyẹn. Ẹ la lẹ́mọ́ọ̀nù méjì sí méjì, kí ẹ fi ẹ̀kẹta pamọ́ fún ìgbà tí ẹ bá ń jẹun.

Ẹ gé àgbàdo kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ṣùkù àgbàdo le, ọ̀bẹ sì lè yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀bẹ wọ àárín hóró, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ kejì tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ mọ́lẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má gbé ọ̀bẹ sókè kí ẹ fi ṣá a bí ẹni ń la igi.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ to pòtétò gbogbo sórí tábìlì. Èyí tó tóbi jù kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì èyí tó kéré jù lọ.

Ìpele 3: Ẹ se omi náà kó dùn kí ohunkóhun tó wọlé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da ata àti oúnjẹ sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Èròjà náà kò tíì tú sínú omi, oúnjẹ ti ń jiná lọ. A fẹ́ kí omi ti gba adùn tán kí pòtétò tó wọlé.

Ẹ di àwọn tó jẹ́ hóró (kọriáńdà, mọ́sítádì, sélérì, kànáfùrù) pẹ̀lú ewé bay sínú aṣọ funfun yẹn, kí ẹ so ó. Tí ẹ bá dà wọ́n lásán, ẹ ó máa fi ehín rún hóró nínú àgbàdo títí oúnjẹ á fi tán. Àwọn tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ni kí ẹ dà sínú omi. Ẹ fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti orí aáyù méjèèjì tí ẹ gé sí i, ẹ dé e, kí ẹ gbé e kaná.

Tó bá jẹ́ èròjà inú agolo lẹ ń lò, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Iyọ̀ ti wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì iyọ̀ wa, gíráàmù 30, kí ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi kún un.

Ìkìlọ̀: ata ni ẹ fẹ́ se yìí. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ da ata náà sínú omi nígbà tó ṣì tutù, kì í ṣe sórí omi tó ń hó, torí ooru á gbé e bá yín lójú àti nínú ọ̀fun. Tí ẹ bá ń ṣí ìkòkò lẹ́yìn èyí, ẹ kọjú ọmọrí rẹ̀ síwájú bí asà kí ooru náà lè gba ọ̀dọ̀ ògiri lọ.

Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ẹ fẹ́ ẹ kó tutù, ẹ tọ́ ọ wò. Tó bá dùn ún mu bí omi ọbẹ̀, kò tíì tó. Omi yìí gbọ́dọ̀ ní iyọ̀ àti ata ju èyí tí ẹ lè mu ní ife kan lọ. Oúnjẹ kò ní pẹ́ nínú rẹ̀, díẹ̀ ló máa gbà níbẹ̀, omi dídì sì ń bọ̀ wá là á. Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn tó ń sè é fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má bẹ̀rù: omi yẹn kọ́ lẹ máa jẹ. Àmọ́ tó bá korò mọ́ yín lẹ́nu bí omi òkun, iyọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi omi lásán díẹ̀ kún un.

Ìpele 4: Pòtétò

Ẹ gbé iná sókè kí omi hó yaya, ẹ da pòtétò sí i, ẹ dé e. Tó bá ti padà hó, ẹ ṣí ọmọrí díẹ̀ kó má ru jáde. Láti ìgbà tó padà hó ni kí ẹ ti máa ka ìṣẹ́jú, kì í ṣe láti ìgbà tí ẹ dà á sí i. Ìṣẹ́jú méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ẹ ò rí mi kí n dárúkọ lẹ́mọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ìlànà ló ní kí a fún un sínú omi látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì fara mọ́ ọn rárá. Omi kíkan kì í jẹ́ kí pòtétò tètè rọ̀, torí ó ń mú kí ohun tó so ara pòtétò pọ̀ túbọ̀ dì mú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ pé pòtétò àwọn kọ̀ láti jiná, lẹ́mọ́ọ̀nù ni wọ́n tètè fi sí i. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí tábìlì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ yọ pòtétò tó tóbi jù, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un. Ó yẹ kí ọ̀bẹ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kó wá rí ìdènà díẹ̀ ní àárín gbùngbùn. Ibi tí a fẹ́ kó dé nìyẹn. Tó bá já bọ́ lára ọ̀bẹ fúnra rẹ̀, ó ti fẹ́ kọjá àyè, ẹ yára lọ sí ìpele tó kàn. Tí ọ̀bẹ kò bá tíì wọlé dáadáa, ẹ dúró. Ẹ má retí pé á jiná pẹ̀lú edé. Lẹ́yìn tí iná bá ti kú, kò sí ìrànlọ́wọ́ mọ́ fún pòtétò tó le.

Ìpele 5: Sọ́sééjì àti àgbàdo

Ẹ da méjèèjì sí i pọ̀, ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó padà hó. Láti ibẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Èéfín ara sọ́sééjì àti ọ̀rá rẹ̀ á wọ inú omi, ata sì fẹ́ràn ọ̀rá: ohun tó ń ta nínú ata ń tú nínú ọ̀rá ju bó ṣe ń tú nínú omi lásán lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnu yín á fi mọ ata lára sọ́sééjì ju lára pòtétò lọ.

Tó bá jẹ́ sọ́sééjì tútù tí wọn kò tíì sè tàbí yan lẹ rí rà, ẹ fi sínú omi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú àgbàdo, kí ẹ gé ọ̀kan wò láti rí i pé inú rẹ̀ kò pọ́n mọ́.

*Àyẹ̀wò:* Àwọ̀ àgbàdo á ti tàn sí i. Ẹ fi èékánná tẹ hóró kan tó ti tutù díẹ̀: ó yẹ kó bẹ́, kí omi rẹ̀ jáde, kó má sì tẹ̀ bí ẹ̀kọ. Ẹ tún gún pòtétò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní báyìí, ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ rí ìdènà kankan mọ́. Tí gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò bá ṣeé jẹ báyìí, láìsí edé, ìgbà náà ni kí ẹ lọ sí Ìpele 6. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì kù, ẹ dúró dè é.

Ìpele 6: Ẹ pa iná, kí edé wọlé

Ẹ tún mú omi hó yaya. Ẹ gbé edé jáde nínú fìríìjì. Ẹ fún omi ìlàjì lẹ́mọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìkòkò, kí ẹ sọ èèpo wọn sí i.

Ẹ wá pa iná.

Ẹ da gbogbo edé sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ṣíbí rì í kó wọ abẹ́ omi, ẹ ro ó láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dé e pinpin. Tó bá jẹ́ sítóòfù iná mànàmáná, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀, torí ojú rẹ̀ ṣì máa gbóná fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa á.

Mo mọ̀ pé ọkàn yín kò ní balẹ̀. Àbúrò mi pàápàá bi mí bóyá mi ò ṣì í sọ. Ẹ wò ó báyìí: edé kì í fẹ́ ju ìwọ̀n 63°C lọ ní àárín rẹ̀ kó tó jiná, omi tó ń hó sì jẹ́ 100°C. Tí ẹ bá da kílò kan edé tútù sínú ìkòkò tó kún fún omi gbígbóná, pòtétò àti àgbàdo, omi náà á wálẹ̀ sí bíi 85°C. Ooru yẹn ju ohun tí edé nílò lọ, ṣùgbọ́n kò le bíi ti omi tó ń hó, tó ń fún ara edé pọ̀ tí omi inú rẹ̀ fi ń jáde. Ìṣẹ́jú kan àṣejù nínú omi tó ń hó ti tó láti ba edé jẹ́. Nínú omi tí iná rẹ̀ ti kú, ẹ ní ààyè láti wò ó.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ni fún 21/25. Fún 16/20, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un. Ẹ ṣí i wò ní ìṣẹ́jú kẹta, ẹ má dúró dìgbà tí aago bá dún.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ yọ edé méjì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àkọ́kọ́, àwọ̀. Edé tútù ń tàn yan-an bíi gíláàsì tó dọ̀tí. Èyí tó jiná á ti funfun, pẹ̀lú pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lára. Pupa èèpo nìkan kò tó ẹ̀rí, torí èèpo ń tètè pọ́n ṣáájú ẹran. Ojú tí ẹ gé ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò, níbi tó nípọn jù, lọ́wọ́ orí. Tí ibẹ̀ bá ṣì ń tàn yan-an, ẹ dé e padà fún ìṣẹ́jú kan.

Èkejì, bó ṣe tẹ̀. Edé tó jiná dáadáa tẹ̀ bíi lẹ́tà C. Tí orí àti ìrù bá ti kan ara wọn tó fi dà bíi lẹ́tà O, ó ti kọjá. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló ti di O, tí èyí tó pọ̀ jù ṣì jẹ́ C, ẹ má dúró mọ́ rárá, ẹ lọ sí Ìpele 7 lójú ẹsẹ̀.

Ìpele 7: Omi dídì, àti ìsinmi tí ata fi ń wọ̀ ọ́

Ní ìṣẹ́jú tí edé jiná gan-an, ẹ da kílò omi dídì yẹn sínú ìkòkò, ẹ rò ó pọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi á wálẹ̀ sí bíi 60°C. Edé á dáwọ́ jíjiná dúró, ṣùgbọ́n oúnjẹ á ṣì gbóná tó láti jẹ. Ẹ wá fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni adùn oúnjẹ náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sè dáadáa ní Louisiana kì í sọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí edé bá jiná; àwọn kan ń fọ́n omi sára ìkòkò láti ìta, àwọn míì ń da àgbàdo dídì sí i kí ìkòkò lè tutù, kí wọ́n lè fi edé sílẹ̀ nínú omi ata. Ẹni tó bá sẹ́ omi rẹ̀ dànù kíákíá, ata á wà ní èèpo nìkan. Ẹni tó sì fi edé sílẹ̀ láìmú omi tutù, ata á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n edé á ti le. Omi dídì ló jẹ́ kí ẹ rí méjèèjì.

Tí kò bá sí omi dídì tó pọ̀ tó, ẹ dí ojú ihò síǹkì, ẹ bu omi tútù sínú rẹ̀, kí ẹ gbé odidi ìkòkò sínú omi náà, kí ẹ máa rò ó. Ẹni méjì ni kó gbé e, kí aṣọ tó nípọn wà lọ́wọ́ wọn, kí ọmọdé kankan má sì wà nítòsí.

*Àyẹ̀wò:* Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ẹ bó edé kan jẹ. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ẹ jẹ òmíràn. Ìyàtọ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín méjèèjì. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ní ìṣẹ́jú keje, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹnu yín ló ni ín.

Ìpele 8: Ẹ sẹ́ ẹ, kí bọ́tà bá a

Ẹ bu ife kan omi ìkòkò náà pamọ́ KÍ Ẹ TÓ sẹ́ ẹ. Mo kọ ọ́ gàdàgbà nítorí pé ó rọrùn láti gbàgbé, omi yẹn kì í sì í padà láti inú kòtò.

Nígbà tí edé ń sinmi, ẹ yọ́ bọ́tà lórí iná kékeré, ẹ da aáyù wẹ́wẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú kan, kó má dúdú. Ẹ fi páprikà àti ata gígún díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun mẹ́ta nínú omi tí ẹ bù pamọ́. Ẹ rò ó títí á fi dàpọ̀.

Ẹ sẹ́ ìkòkò sínú asẹ́ ńlá. Ẹ yọ àpò èròjà, ẹ jẹ́ kí omi ro dànù fún bí ìṣẹ́jú kan, torí bọ́tà kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó tutù fún omi. Ẹ da oúnjẹ náà sórí àwo pẹrẹsẹ ńlá tàbí sórí pépà funfun tó mọ́ tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì, ẹ da bọ́tà lé e lórí, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbọ̀n ọ́n pọ̀. Ẹ gbé lẹ́mọ́ọ̀nù tó kù síbẹ̀ ní gígé, pẹ̀lú abọ́ kan fún èèpo. Orí aáyù tó bá a hó rọ̀ bí bọ́tà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde nínú èèpo rẹ̀ sórí pòtétò. Ọ̀pọ̀ ń jù ú nù, ó sì ń dùn mí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ mú edé kan, ẹ bó o. Èèpo gbọ́dọ̀ kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́ láti ojú ibi tí ẹ gé. Tó bá lẹ̀ mọ́ ẹran tí ẹ fi ń fà á ya, edé ti pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Nígbà mìíràn, ẹ dín ìṣẹ́jú kan kù ní Ìpele 6.

Tó bá ṣẹ́ kù

Ẹ má jẹ́ kó pé wákàtí méjì lórí tábìlì kí ẹ tó gbé e sínú fìríìjì. Ẹ bó edé kúrò nínú èèpo, ẹ gé àgbàdo kúrò lára ṣùkù, kí ẹ kó wọn sínú abọ́ tó ní ìdérí. Ẹ jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ yọ́ bọ́tà díẹ̀ nínú páànù, ẹ fi pòtétò, àgbàdo àti sọ́sééjì sí i títí wọ́n á fi gbóná dáadáa, kí ẹ wá da edé sí i ní ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn.